Akọ̀ròyìn ló ń sọ̀rọ̀ ètò ọrọ̀ ajé àti sáyẹ́ǹsì létí wa: ṣé kí a gbà á gbọ́?

ỌmọÌjẹ̀bú_Lewisham kọ:

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń gbọ́ Tim Harford lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin tí ó ń gbé mi láti Lewisham lọ síbi iṣẹ́. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, akọ̀ròyìn ni ní ìwé ìròyìn Financial Times nílùú London. Láti ọdún 2007 ni ó ti ń ṣe atọ́kùn ètò More or Less lórí BBC Radio 4, ètò tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí wọ́n mú nọ́ńbà tí olóṣèlú, dókítà tàbí ìwé ìròyìn kan sọ, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ní ọdún 2019 ó tún bẹ̀rẹ̀ pọ́díkáàsì mìíràn, Cautionary Tales, níbi tí ó ti ń sọ ìtàn àwọn àṣìṣe ńláńlá tí ènìyàn ti ṣe, tí ó sì ń fi ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé àti ìmọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá tú wọn wò.

Ohun tí ó mú mi kọ̀wé ni pé mo ń ròyìn ọkùnrin yìí fún ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ètò ọrọ̀ ajé ní yunifásítì, ẹ̀gbọ́n sì dá mi lóhùn pé akọ̀ròyìn lásán ni, pé ẹni tí ó bá ń sọ̀rọ̀ owó orí lónìí, tí ó ń sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́la, tí ó tún ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lọ́túnla, kò lè mọ ọ̀kankan nínú wọn dé gbòǹgbò. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n n kò rí èsì gidi fọ̀ fún un ju pé ètò náà ti ṣe mí láǹfààní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àǹfààní náà. Kí a tó dìbò Brexit ní ọdún 2016, ìyẹn ìbò bóyá kí Britain jáde kúrò nínú EU, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, bọ́ọ̀sì pupa kan ń yí ìlú ká tí àwọn tí ó fẹ́ kí a jáde kọ ọ́ sí lára pé mílíọ̀nù 350 pọ́ùn ni Britain ń fi ránṣẹ́ sí EU lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pé ẹ jẹ́ kí a fi owó náà tọ́jú NHS, ètò ìlera ìjọba níhìn-ín. Mo gbà á gbọ́, mo sì bá àwọn ará ibi iṣẹ́ mi jiyàn lé e lórí. Ìgbà tí mo gbọ́ àlàyé ni mo tó mọ̀ pé owó tí wọ́n pín sí ọ̀sẹ̀ náà, nǹkan bíi bílíọ̀nù 17.8 pọ́ùn ní ọdún 2015, jẹ́ iye tí ì bá jáde ká ní Britain kò ní ẹ̀dínwó. Ẹ̀dínwó bílíọ̀nù 4.9 wà níbẹ̀ tí kò tilẹ̀ jáde nílé rárá, èyí tí ó jẹ́ pé ohun tí ń lọ ní tòótọ́ kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 250 lọ lọ́sẹ̀. Nínú ìyẹn náà, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn agbègbè kan ní Britain ń gba apá kan padà, bí a bá sì yọ ìyẹn kúrò, ó ku nǹkan bíi mílíọ̀nù 160. Àjọ UK Statistics Authority, tí ó ń bójú tó ìṣirò ìjọba níhìn-ín, sọ ní gbangba pé nọ́ńbà 350 náà ń ṣini lọ́nà. N kò sọ pé ẹni tí ó dìbò kí a jáde ṣe àìdáa o. Ohun tí mo ń sọ ni pé mo ti fi ẹnu ara mi gbé nọ́ńbà tí n kò mọ ibi tí ó ti wá.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi?

Olùkọ́Ìṣirò_Ìbàdàn kọ:

Ẹ kú ìrìn àárọ̀, Ọ̀gbẹ́ni ỌmọÌjẹ̀bú. Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama, èmi náà sì ń gbọ́ ètò yìí nígbà tí iná bá wà.

Ẹ kọ́kọ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé Harford ka ètò ọrọ̀ ajé ní Oxford títí dé oyè kejì, ó sì ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Báńkì Àgbáyé kí ó tó di akọ̀ròyìn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn ṣe olórí èsì yín, nítorí oyè ètò ọrọ̀ ajé kò sọ ènìyàn di ẹni tí ó mọ̀ nípa àrùn. Olórí èsì ni pé iṣẹ́ tí ó ń ṣe yàtọ̀ sí iṣẹ́ onímọ̀. Onímọ̀ ń wá ìdáhùn. Òun ń bèèrè ohun tí ìdáhùn náà túmọ̀ sí, ó sì ń pe onímọ̀ kí ó wá dáhùn níwájú àwa tí kò gbọ́ èdè wọn. Ẹ rántí pé ìbéèrè tí àwọn tí ó dá ètò náà sílẹ̀ ní ọdún 2001 fi mọ́ ọn lára ni pé: ṣé nọ́ńbà ńlá nìyí? Mílíọ̀nù 350 ń dẹ́rù bani lára bọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pín in fún mílíọ̀nù 65 ènìyàn tí ń gbé Britain nígbà náà, kò tó pọ́ùn mẹ́fà fún ẹnì kan lọ́sẹ̀. Ìṣirò tí ọmọ kíláàsì ìkíní girama lè ṣe nìyẹn, síbẹ̀ ta ni nínú wa ni ó ṣe é?

Èyí tí mo máa ń fi kọ́ àwọn ọmọ mi jù ni ti ẹran. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ kéde pé jíjẹ àádọ́ta gíráàmù ẹran tí wọ́n ti fi iyọ̀ tàbí èéfín pa mọ́, bíi ṣọ́ọ̀sèjì àti békìn, lójoojúmọ́, ń fi ìdá 18 nínú 100 kún ewu jẹjẹrẹ ìfun. Àwọn ìwé ìròyìn fi ariwo bọnu. David Spiegelhalter, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Cambridge tí a máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí ètò Harford, ni ó tú u palẹ̀ fún àwọn ará Britain. Ìdá 18 nínú kí ni? Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn níbẹ̀, nǹkan bí ẹni mẹ́fà ni jẹjẹrẹ ìfun máa ń mú láyé wọn. Bí gbogbo ọgọ́rùn-ún bá ń jẹ ẹran náà lójoojúmọ́, ìdá 18 lára mẹ́fà kò ju nǹkan bí ẹyọ kan lọ, wọn yóò wá di méje. Ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ni. Kò sọ pé irọ́ ni àjọ náà pa, kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa jẹ békìn ní àjẹkì. Ó kàn gbé nọ́ńbà náà síbi tí ojú wa ti lè tó o, kí olúkúlùkù lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ohun tí yóò jẹ.

Adúróṣinṣin_Houston kọ:

Mo kí gbogbo ilé. Mo bọ̀wọ̀ fún ohun tí ẹ̀gbọ́n Olùkọ́ sọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni n kò fi gbà.

Èkíní, àwọn akọ̀ròyìn ṣàlàyé nọ́ńbà bọ́ọ̀sì náà títí ẹnu fi rẹ̀ wọ́n, àjọ ìṣirò sọ̀rọ̀, síbẹ̀ ìdá 51.9 nínú 100 àwọn tí ó dìbò ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà sọ pé kí Britain jáde. Kódà àtúnṣe náà lè ti bá àwọn tí ó kọ bọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́, nítorí bí a bá ń jiyàn pé 350 ni tàbí 250, owó tí ń jáde nílé ni gbogbo ènìyàn ń rò lọ́jọ́ náà. Kí ni èrè àlàyé tí kò yí nǹkan kan padà?

Èkejì, ìtàn dùn, ṣùgbọ́n ìtàn kan kì í ṣe ẹ̀rí. Àkọ́kọ́ nínú Cautionary Tales jẹ́ ìtàn ọkọ̀ epo Torrey Canyon, tí ó lọ kọ lu àpáta Seven Stones lẹ́bàá Cornwall ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1967, tí epo rọ̀bì sì bo etíkun. Ọ̀gákọ̀ ń sáré kí ó lè bá omi kíkún ní èbúté Milford Haven, kò sì yí ètò rẹ̀ padà títí ó fi pẹ́ jù. Harford fi ìtàn náà kọ́ wa pé ẹ̀dá máa ń rọ̀ mọ́ ètò tí ó ti bẹ̀rẹ̀ bí ewu tilẹ̀ ti hàn. Èmi gbọ́ ọ, mo sì mi orí. Ṣùgbọ́n mélòó ni àwọn ọ̀gákọ̀ tí wọ́n rọ̀ mọ́ ètò wọn tí wọ́n sì gúnlẹ̀ láyọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ṣe pọ́díkáàsì nípa wọn? Ẹni tí ó ń kọ́ wa láti máa bèèrè pé nínú mélòó, ó yẹ kí ó bi ìtàn tirẹ̀ náà bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Leeds kọ:

Ọ̀gbẹ́ni Adúróṣinṣin, ìbéèrè yín kejì lágbára, n kò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ní ti pé kí ni èrè rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá ọdún 2020 nígbà tí COVID tún ń gbéra sọ ní àríwá England. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kan, iye àwọn tí àrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ mú tí ìjọba ń kéde fò sókè lójijì. Àwa tí a wà ní wọ́ọ̀dù kò mọ̀ bóyá àrùn ni ó pọ̀ sí i ní alẹ́ ọjọ́ kan, tàbí nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó lé, ìyẹn 15,841, nínú àwọn tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé wọ́n ní àrùn láàárín ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án sí ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ni kò wọ inú àkọsílẹ̀. Ibo ni wọ́n lọ? Public Health England, àjọ tí ń bójú tó ìlera ará ìlú ní England nígbà náà, ń kó èsì àyẹ̀wò jọ sínú fáìlì Excel ti àtijọ́, oríṣi èyí tí kò lè gba ju ìlà 65,536 lọ. Aláìsàn kan ṣoṣo ń gba ìlà púpọ̀. Nígbà tí ìlà tán, àwọn tí ó kù já bọ́, kọ̀ǹpútà náà kò sì pariwo.

Ẹ fi ara balẹ̀ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Àwọn aláìsàn náà fúnra wọn gba èsì wọn, ṣùgbọ́n orúkọ wọn kò tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń pe àwọn tí aláìsàn bá fara kàn, kí wọ́n lè jókòó sílé. Ẹni tí ó bá ìyá àgbà jẹun, tí ó bá ọ̀rẹ́ wọ ọkọ̀, kò sí ẹni tí ó pè wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, Thiemo Fetzer àti Thomas Graeber, lo àṣìṣe náà fún ìwádìí: wọ́n fi àwọn agbègbè tí orúkọ púpọ̀ ti sọnù wé àwọn tí díẹ̀ ti sọnù, wọ́n sì fojú bù ú pé ó ṣeé ṣe kí àìtètè pe àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti fa àrùn fún ohun tí ó lé ní 120,000 ènìyàn, kí ó sì ti gba ẹ̀mí tí ó lé ní 1,500.

Harford ṣe ìtàn kan lórí ọ̀rọ̀ yìí nínú pọ́díkáàsì rẹ̀. Mo gbọ́ ọ ní ìdákẹ́jẹ́ nínú yàrá mi lẹ́yìn iṣẹ́ òru, omi sì bọ́ lójú mi, nítorí pé títí di ọjọ́ náà, ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn ni pé kọ̀ǹpútà ṣe àṣìṣe. Òun ni ó jẹ́ kí n mọ̀ pé ìpinnu ni, pé ẹnì kan yan irinṣẹ́ tí kò tọ́ fún iṣẹ́ náà, pé kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ka iye orúkọ tí ó wọlé àti iye tí ó jáde. Láti ìgbà náà, bí a bá ń gbé iṣẹ́ lé ara wa lọ́wọ́ ní wọ́ọ̀dù mi, mo máa ń ka aláìsàn, mo sì máa ń ní kí ẹni tí ń gba iṣẹ́ náà kà wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ kan rò pé n kò fọkàn tán wọn ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí ẹ pè ní ìtàn yìí, bí ọ̀pọ̀ ọ̀gákọ̀ bá tilẹ̀ gúnlẹ̀ láyọ̀, ó ti kọ́ mi ní ohun kan tí mo ń fi ọwọ́ ṣe lójoojúmọ́.

ỌmọÌjẹ̀bú_Lewisham kọ:

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì, ẹ kú làálàá, Ọlọ́run yóò máa fún yín lókun. N kò mọ̀ pé fáìlì Excel ni ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí títí di òní.

Ohùn_Abẹ́òkúta kọ:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Oníròyìn rédíò ni mí, mo sì fẹ́ gba ọ̀rọ̀ náà wá sílé, nítorí ó kan iṣẹ́ ọwọ́ mi gbọ̀ngbọ̀n.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, NBS, ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà, gbé ìròyìn àìríṣẹ́ṣe tuntun jáde. Nọ́ńbà tí gbogbo wa mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ti ìparí ọdún 2020, ìdá 33.3 nínú 100. Nọ́ńbà tuntun fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2023 ni ìdá 4.1. Ilé iṣẹ́ rédíò tí mo ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà ní kí n kà á bẹ́ẹ̀: àìríṣẹ́ṣe ti já wálẹ̀ láti 33.3 sí 4.1. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi ìṣẹ́jú méjì ṣàlàyé, olóòtú mi ní kò sí àyè, pé ìpolówó ń dúró. Mo kà á. Láàárín wákàtí kan, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ wa kò sinmi. Àwọn kan ní ìjọba ti gbìyànjú, àwọn tí ó pọ̀ jù ní irọ́ ni NBS ń pa. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí ó ti jáde yunifásítì láti ọdún mẹ́rin pe wa, ó kàn ń bi mí léraléra pé, "Àǹtí, ṣé èmi kò sí nínú ìkà wọn ni?" N kò ní ìdáhùn fún un lórí afẹ́fẹ́, ìtìjú ọjọ́ náà kò sì tíì kúrò lára mi.

Ìdáhùn náà wà nínú ìròyìn NBS fúnra rẹ̀. Nínú ìlànà ti tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó ogún wákàtí lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń kà mọ́ aláìríṣẹ́. Nínú ìlànà tuntun, tí ó bá ti àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ILO, mu, ẹni tí ó bá ṣe wákàtí kan péré fún owó tàbí èrè láàárín ọjọ́ méje ti di ẹni tí ó ríṣẹ́. Ọmọkùnrin yẹn ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ta káàdì fóònù ní òpin ọ̀sẹ̀. Wọ́n kà á. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n kà á mọ́. Àwọn àgbà sọ pé ẹni tí ó gbin ọgọ́rùn-ún ebè, tí ó ní igba ni òun gbìn, bí ó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti NBS kò rí bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí ó purọ́ iye ebè, ohun tí a ń pè ní ebè gan-an ni ó yí padà láàárín ìkà àkọ́kọ́ àti ìkejì. A kò lè fi ọ̀kan yọ lára èkejì kí a sì sọ pé ó wálẹ̀ tàbí ó gòkè.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé nọ́ńbà tí ì bá sọ ọ̀rọ̀ ayé wa gan-an wà nínú ìwé kan náà, kò sì sí ẹni tí ó kà á. Ìdá 92.6 nínú 100 àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ni iṣẹ́ wọn jẹ́ èyí tí kò ní ìwé àdéhùn, tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì, tí kò ní ààbò òfin. Bí mo bá ka ìyẹn ní àárọ̀ ọjọ́ náà, gbogbo ẹni tí ó ń gbọ́ mi ni ì bá mọ̀ pé nípa òun ni.

Nítorí náà ọ̀gbẹ́ni Adúróṣinṣin, èmi kò gbọ́ Harford nítorí pé ó mọ gbogbo nǹkan. Mo ń gbọ́ ọ nítorí pé ó máa ń bèèrè pé kí ni wọ́n kà, kí ó tó bèèrè pé mélòó ni. Ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n kọ̀ fún mi ni òun rí gbà lọ́dọ̀ BBC, ó sì lò ó dáadáa.

Adúróṣinṣin_Houston kọ:

Ẹ ṣeun, àǹtí wa. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, mo sì gbà pé èrè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kan ṣì ń bà mí. Nínú ẹgbẹ́ WhatsApp ìjọ wa níhìn-ín, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn, àwọn tí ó ń bèèrè jù ni wọn kò gba abẹ́rẹ́. "Ta ni ó kà á? Báwo ni wọ́n ṣe kà á?" Ìbéèrè yẹn náà ni wọ́n ń bèèrè, kò sì sí ìdáhùn tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Bí a bá kọ́ gbogbo ènìyàn láti máa fura sí nọ́ńbà, ta ni yóò kọ́ wọn ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n gbà?

Olùkọ́Ìṣirò_Ìbàdàn kọ:

Ìbéèrè yín yìí ni ó ṣe kókó jù nínú gbogbo ohun tí a ti sọ, Harford pàápàá fi bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 2020. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ṣe yé mi.

Akọ̀ròyìn Amẹ́ríkà kan wà tí ń jẹ́ Darrell Huff. Ní ọdún 1954 ó tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí àwọn ọ̀nà tí wọ́n máa ń gbà fi nọ́ńbà tan ènìyàn, ìwé náà sì tà bí ẹní ń ta àkàrà gbígbóná. Ní ọdún yẹn kan náà, Richard Doll, dókítà kan ní Britain, àti Austin Bradford Hill, onímọ̀ ìṣirò, gbé èsì àkọ́kọ́ jáde láti inú ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àwọn dókítà Britain: wọ́n ti kọ lẹ́tà sí nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ta dókítà ní ọdún 1951 láti mọ ẹni tí ń mu sìgá àti ẹni tí kì í mu ún, wọ́n wá ń wo irú ikú tí ń pa wọ́n. Ṣáájú ìyẹn, ní ọdún 1950, wọ́n ti fi àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn wé ara wọn. Nínú ọkùnrin 649 tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ẹni méjì péré ni kì í mu sìgá. Nínú ọkùnrin 649 tí àìsàn mìíràn ń ṣe, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Doll fúnra rẹ̀ ń mu sìgá nígbà tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó rí ohun tí nọ́ńbà ń sọ, ó pa á tì.

Kí ni Huff ṣe? Ní ọdún 1965 ó dúró níwájú ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, ó ń sọ fún wọn pé ìbáṣepọ̀ sìgá àti àrùn kò ju ti ẹyẹ àkọ̀ àti ọmọ lọ (àwọn òyìnbó máa ń pa á nítàn pé àkọ̀ ni ó ń gbé ọmọ tuntun wá), pé bí àkọ̀ bá pọ̀ níbi tí ọmọ ti pọ̀, kò sọ pé àkọ̀ ni ó gbé ọmọ wá. Àwọn ilé iṣẹ́ sìgá ń sanwó fún un, wọ́n sì ní kí ó kọ ìwé mìíràn tí yóò fi ọgbọ́n rẹ̀ tako ẹ̀rí nípa sìgá, bí ìwé náà kò tilẹ̀ jáde.

Ẹ wò ó, akọ̀ròyìn ni Huff, akọ̀ròyìn ni Harford. Ìmọ̀ kan náà ni wọ́n ní lọ́wọ́. Ìyàtọ̀ wọn wà nínú ohun tí ẹni kọ̀ọ̀kan ń ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti bèèrè. Ẹni tí ó bèèrè tí ó dúró gbọ́ ìdáhùn, tí ó lọ wá ẹni tí ó kà á, tí ó sì ṣe tán láti pa sìgá tirẹ̀ tì, ìyẹn ń wádìí. Ẹni tí ó bèèrè kí ó lè rí àyè má ṣe ohun tí kò fẹ́ ṣe, kò ń wádìí nǹkan kan. Àwọn ará ìjọ yín bèèrè ìbéèrè tí ó dára, ọ̀gbẹ́ni Adúróṣinṣin; ṣé ẹnikẹ́ni nínú wọn pe nọ́ọ̀sì kan wá kí ó dáhùn?

Adúróṣinṣin_Houston kọ:

Kò sí. Nọ́ọ̀sì mẹ́ta sì wà nínú ìjọ náà.

Mo fara mọ́ ohun tí ẹ sọ. Mo kàn fẹ́ kí a rántí pé pọ́díkáàsì jẹ́ ohùn kan tí ń wọ etí wa ní ìdákẹ́jẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó máa ń dà bí ọ̀rẹ́, a sì lè gba ọ̀rẹ́ gbọ́ nítorí ohùn rẹ̀ nìkan. Bí Harford bá yẹ ní ẹni à ń gbọ́, ó yẹ kí ó jẹ́ nítorí pé ètò rẹ̀ máa ń padà sórí afẹ́fẹ́ tún ohun tí wọ́n bá ṣì sọ ṣe.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀ kọ:

Ẹ̀yin àgbà, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú èyí. Ní oṣù kejì ọdún 2025 NBS kéde pé ọ̀wọ́n ọjà jẹ́ ìdá 24.48 nínú 100 ní oṣù kìíní, nígbà tí ó jẹ́ 34.80 ní oṣù kejìlá ọdún 2024. Màmá mi ń ta gààrì, wọ́n ní owó rẹ̀ kò fi kọ́bọ̀ kan wálẹ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ ebè náà nìyẹn?

Olùkọ́Ìṣirò_Ìbàdàn kọ:

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ méjì ni ó lọ́ mọ́ra wọn níbẹ̀.

Àkọ́kọ́, bí ìdá ọ̀wọ́n ọjà bá tilẹ̀ dín kù ní tòótọ́, owó ọjà kò wálẹ̀. Ó kàn ń gòkè ní ìrìn tí kò yá tó ti tẹ́lẹ̀ ni. Ọmọ tí ó fi ínṣì mẹ́ta ga lọ́dún tó kọjá, tí ó sì fi ínṣì méjì ga lọ́dún yìí, kò kúrú. Màmá rẹ jàre.

Èkejì ni ti ebè. NBS máa ń kó àwọn ohun tí ìdílé ń rà sínú agbọ̀n kan, wọ́n á sì wo bí owó gbogbo agbọ̀n náà ṣe ń yí. Agbọ̀n tí wọ́n ń lò títí di oṣù kejìlá wá láti ọdún 2009, oúnjẹ sì ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2025 wọ́n fi ọdún 2024 ṣe ìpìlẹ̀, wọ́n tún agbọ̀n náà dì, ìpín oúnjẹ sì dín sí nǹkan bí ìdá 40. Kò burú láti tún agbọ̀n dì, nítorí kò sí ẹni tí ń ra ohun tí ó ń rà ní ọdún 2009. Ṣùgbọ́n a kò lè fi 24.48 agbọ̀n tuntun yọ lára 34.80 agbọ̀n àtijọ́ kí a ní ọjà ti rọ̀ ní ìdá mẹ́wàá. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ, bi í léèrè pé agbọ̀n wo ni ó ń sọ.

ỌmọÌjẹ̀bú_Lewisham kọ:

Mo ti fi gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó kà á, ó pè mí lálẹ́ àná, ó ní ọ̀rọ̀ òun kò yí padà pé akọ̀ròyìn kò lè mọ gbogbo nǹkan dé gbòǹgbò, ṣùgbọ́n ó ní òun gbà pé àwọn onímọ̀ bíi tòun ti fi iṣẹ́ àlàyé sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí pé, èdè wo ni ọmọkùnrin tó pe rédíò yẹn yóò ti gbọ́ àlàyé 4.1 náà? N kò rí nǹkan sọ.

Ohùn_Abẹ́òkúta kọ:

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín. Èmi ti pinnu láti gbìyànjú rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fẹ́ gbà sílẹ̀, ní Yorùbá, kí ó kéré tó láti fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kí dátà má baà gbówó lórí ẹni tí ń gbọ́. Kóńgò gààrì ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀: mo fẹ́ fi iye tí wọ́n ń tà á ní ọjà Kútọ̀ wé ti ọjà Bódìjà. Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́, ṣé ẹ lè bá mi wo nọ́ńbà náà kí n tó gbé e jáde?

Olùkọ́Ìṣirò_Ìbàdàn kọ:

Inú mi dùn sí i, n óò bá yín wò ó. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bèèrè iye owó rárá, ẹ ra kóńgò kan ní Kútọ̀, èmi náà yóò ra ọ̀kan ní Bódìjà ní ọjọ́ Sátidé, kí olúkúlùkù wa gbé tirẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, kí a mọ iye kílò tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan máa ń tẹ ìdí kóńgò wọnú, àwọn mìíràn máa ń da gààrì ṣóńṣó lé e lórí. N kò tíì mọ̀ bóyá ohun kan náà ni a fẹ́ fi wé ara wọn.